Afárá Tí Kò Lómi Lábẹ́

Àwọn ọ̀gá mìíràn a máa gbé fótò ara wọn kọ́ sára ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Ọláyíwọlá ní tirẹ̀ ní kí wọ́n kan afárá fún òun. Afárá gidi ni o: pákó ìrókò, ọwọ́ ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkókómáíkò, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Kò sí kòtò. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ ló wà níbẹ̀, àti bàtà Wàsíù akọ̀wé, ẹni tó ti tètè rí i pé ìwúlò kan ṣoṣo tí nǹkan náà ní ni kéèyàn máa kó bàtà sábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí ò le. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ìbílẹ̀ dá a sílẹ̀ pé kó máa so àwọn ẹgbẹ́ ìrànra-ẹni-lọ́wọ́ tó wà ní abúlé pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣèrànwọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń wá olùrànlọ́wọ́, kí ọ́fíìsì júwe ilé rẹ̀ fún wọn. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ń wá ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kí ọ́fíìsì mú un débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀nà, tó sì lẹ́nu láti fi júwe rẹ̀, lè ṣe é. Wọ́n wá gbé e fún Ọláyíwọlá.

Láàárín oṣù kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni mọ́. "Afárá Ìdàgbàsókè" lorúkọ tó sọ ara rẹ̀, "Afárá" ni fún àwọn tó bá ń kánjú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gun afárá onípákó yẹn, kó dúró láàárín rẹ̀, kó sì ké tantan pé, "Afárá, ẹ gbé mi kọjá!" Òun á dáhùn láti inú ọ́fíìsì pé, "Máa bọ̀ ní èbúté ìrọ̀rùn!" Bí ohùn rẹ bá kéré, Wàsíù á ní kó o padà sísàlẹ̀ kó o tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má wò mí báyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan tí eékún ń dùn gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, nígbà tó sì wọlé tán, ó ti gbàgbé ohun tó bá wá.

Ọjọ́ tí Àbíkẹ́ kọ́kọ́ gùn ún, ó kọsẹ̀. Òun ni agbẹ̀bí Ìdí-Àgbọn, abúlé kan létí ọ̀sà lẹ́yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì, òun náà sì ni olórí Ẹgbẹ́ Abiyamọ ibẹ̀. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù wà ní òdìkejì omi. Ní àsìkò òjò ọdún tó ṣáájú, Àìná, ìyàwó apẹja kan, ń rọbí, ọmọ náà sì há. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ alájẹ̀, wọ́n wà á, wọ́n wà á. Àbíkẹ́ ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, orí náà ti wúwo jù lórí itan rẹ̀, Àìná ò sì béèrè mọ́ pé ọ̀nà ṣe kù tó.

Látọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n gbọ́únjẹ fún àwọn tó ń la pákó, wọ́n sì ní kí Baba Àjàgbé kan ọkọ̀ ojú omi tó gùn, tí aboyún lè dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí. Wọ́n ń sin àgbò mẹ́wàá tí wọ́n máa tà ní Alábà Ràgó tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí wọ́n lè máa fi ra epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni wọn ò ní. Fọlákẹ́, ọmọ Àbíkẹ́, sì ti lóyún.

"Ẹ́ńjìnnì kan péré, sà," ni Àbíkẹ́ wí nígbà tó wọlé. "Gbogbo nǹkan tó kù la ti ní."

Ọláyíwọlá di ojú méjèèjì bí ẹni tí ata ta sí lójú. "Ìyá, ẹ má tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọ́fíìsì yìí mọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo, sà?"

"Pé ẹ ní nǹkan! Ta ló ń fún ẹni tó ní?" Ó dìde, ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká. "Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn, ta ló mọ bó ṣe máa so wọ́n pọ̀? Àwọn ọba gbìyànjú, ó já lọ́wọ́ wọn. Òyìnbó gbìyànjú, ó rẹ̀ wọ́n. Níjọ́ kan, obìnrin kan bí ọmọkùnrin kan ní Ìbà..."

Wàsíù pàtẹ́wọ́.

"Mi ò tíì dé ibi ìpàtẹ́wọ́, Wàsíù."

"Ẹ má bínú, Afárá. Inú mi ló dùn ṣáájú yín."

Ó gba lẹ́tà ẹgbẹ́ náà, ó lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Àbíkẹ́ padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ké "Afárá, ẹ gbé mi kọjá." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó bá Wàsíù nìkan, Wàsíù sì ní, "Ìyá wa, mo ti fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ o. Ẹ má sọ fún un pé èmi ni. Dúrọ́ọ̀ ò lè ra ẹ́ńjìnnì."

Èsì dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ kan ní Ìkòyí. Ojú ewé méjì ni. Ti àkọ́kọ́ kí Ọláyíwọlá dáadáa, ó sì sọ pé aṣojú àwọn, Ìyáàfin Mojí Ògúnbíyìí, ń bọ̀ wá wo Ìdí-Àgbọn lọ́jọ́bọ̀. Ọláyíwọlá ka ojú ewé yìí fún gbogbo ẹni tó wọlé, ó kà á fún àwọn tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀, ó sì kà á fún olóko kan tó kàn yà wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́. Ojú ewé kejì kò ní orúkọ rẹ̀ nínú. Kò kà á. Wàsíù fi í di àkàrà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́ọ̀rì kan gúnlẹ̀ sí Ìdí-Àgbọn, Ọláyíwọlá sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó wí. "Ìyáàfin tó ń bọ̀ yìí ní ojú àánú. Ojú àánú ò sì lè rí nǹkan kan níbi tí nǹkan bá wà. Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kúrò! Ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì, àgbò. Mo máa tọ́jú wọn sílé mi ní Ìbà títí àlejò á fi lọ. Kí wọ́n bá yín bí ọjọ́ tí wọ́n bí yín."

"Ìhòòhò?" ni Baba Àjàgbé béèrè.

"Òwe ni mo pa, Baba."

"Mo kan ní kí n mọ̀ ni. Òtútù máa ń mú mi." Baba Àjàgbé yíjú sí Àbíkẹ́. "Àbíkẹ́, ọkọ̀ tí mo fọwọ́ mi kàn, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ wà á lọ? Orí ọmọ yìí pé báyìí?"

Àbíkẹ́ náà ò mọ̀ bóyá ó pé. Ṣùgbọ́n Ọláyíwọlá ti gbé ìka sókè. "Ẹgbẹ́ tó bá lanu níwájú àlejò mi, kó tètè mọ̀ pé kò sí lẹ́tà rẹ̀ kan tó máa jáde lọ́wọ́ mi mọ́ títí ayé. Èmi ni ọ̀nà. Kò sí òmíràn." Àbíkẹ́ wo ikùn Fọlákẹ́, tó ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó ní kí wọ́n gbé e.

Ogún èèyàn ló ti ọkọ̀ ojú omi sínú ọkọ̀ ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ yọ síta bí ahọ́n ajá. Àwọn àgbò wọlé tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀dì ló kẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n gba títì kọjá ní Òkókómáíkò lọ́sàn-án gangan, tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo pé, "Ẹ rọra o, omi ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Ọjọ́rú ni ìdánwò ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdánwò ẹkún. Ọláyíwọlá to àwọn obìnrin sílẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, ó ń rìn níwájú wọn bí ọ̀gá ológun.

"Ìwọ, ó dáa. Ìwọ, ẹkún ilé ọkọ lò ń sun, ti òṣì la fẹ́. Ìwọ aboyún, bọ́ síwájú. Ìwọ gan-an lolórí eré. Sunkún."

Fọlákẹ́ gbìyànjú. Ó fún ojú pọ̀, ó ki ètè bọnu. Ó gbójú sókè, ó rí Wàsíù tó ń sunkún tọkàntọkàn lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìlà bá a rín in.

"Ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́!" ni Ọláyíwọlá kígbe.

"Ẹ má bínú, sà," ni Fọlákẹ́ wí, tó ń di ikùn mú. "Ọmọ inú ló ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Ọjọ́bọ̀ pé. Ìyáàfin Mojí Ògúnbíyìí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkókómáíkò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé ìwé kékeré dání. Ó dúró níwájú afárá. Wàsíù júwe fún un bí wọ́n ṣe ń kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàtà ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ afárá kọjá, ó wọlé. Ọláyíwọlá ti ń dúró láti dáhùn. Ó dà bí ẹni tó lanu fún ṣíbí tí ṣíbí sì kọjá lọ.

Ní Ìdí-Àgbọn, wọ́n ti wọ àkísà. Àwọn tí kò ní àkísà ti ya aṣọ wọn fúnra wọn láàárọ̀ yẹn, ó sì ń dùn wọ́n. Ọláyíwọlá sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó ní kí òun tó dé, àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọ oòrùn yàtọ̀ sí òṣùpá. Ó ní òun lòun kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Baba Àjàgbé wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọn ò ní nǹkan kan, Màdáàmù!" ló fi kádìí rẹ̀. "Nǹkan kan! Bí ẹ bá gbọn abúlé yìí nù bí àpò, ìwọ̀ ẹja kan ò ní jábọ́!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Fọlákẹ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin àti èmi la mọ ohun tó ń mì í.

Mojí dúró títí ẹkún fi rọlẹ̀. Ó wo etíkun tó ṣófo. "Ó dùn mí gan-an," ló wí. "Lẹ́tà yín ní ẹ ti kan ọkọ̀, pé ẹ́ńjìnnì ló kù. Ìdí tá a ṣe wá nìyẹn. Àwa kì í bá èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ la máa ń bá parí rẹ̀. A kọ ọ́ sójú ewé kejì. Ṣé ẹ ò kà á ni, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá?"

Wàsíù wú ikọ́. Àkàrà ọjọ́ náà ló rántí.

"Ojú ewé kejì," ni Ọláyíwọlá wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ewé kejì yẹn... ó jinlẹ̀ púpọ̀."

Mojí pa ìwé rẹ̀ dé. Abúlé mìíràn wà nínú ìwé náà, ó sì ń wo aago. Dírẹ́bà rẹ̀ ti ń ṣáná sí mọ́tò.

Àbíkẹ́ dúró sójú kan. Bó bá lanu, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí jókòó sí á dí títí ayé. Bí kò bá sì lanu, mọ́tò yẹn ń lọ. Itan rẹ̀ rántí bí orí Àìná ṣe wúwo tó. Ó ju ìborí àkísà náà sílẹ̀.

"Ìyáàfin, ẹ dúró! A ní ọkọ̀."

"Ìyá Fọlákẹ́!" ni Ọláyíwọlá ké.

"A ní ọkọ̀, a ní bẹ́ẹ̀dì, a ní àgbò mẹ́wàá tá a máa tà fi ra epo. Baba yìí ló kan ọkọ̀ náà. Ọwọ́ wa nìyí, ẹ wo àpá pákó."

Mojí wo àwọn ọwọ́ náà. "Níbo ni wọ́n wà, Mama?"

"Wọ́n wà nílé Afárá, ní Ìbà."

Ọláyíwọlá ní ọ̀nà Ìbà ti bàjẹ́. Wàsíù ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Ọláyíwọlá ní ara ìyàwó òun ò yá. Wàsíù ní òun rí i láàárọ̀ yẹn, ara rẹ̀ le bí òkúta. Ọláyíwọlá yíjú, ó wo Wàsíù bí ẹni tí àga tó jókòó lé lórí dá lóhùn. Gbogbo wọn wọ mọ́tò.

Ìyàwó rẹ̀, Adéníkẹ́, ló ṣí géètì, obìnrin ọlọ́yàyà tí ọkọ rẹ̀ kì í sọ òótọ́ fún. Gbàrà tó rí àwọn ará Ìdí-Àgbọn, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Háà, ẹ̀yin ìyá wa! Ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ fi gbogbo nǹkan yìí ta àwọn lọ́rẹ. Ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun àgbò, pàápàá èyí tó níwo wínníwínní yẹn. Ó dùn wọ egungun!"

Ọkọ̀ Baba Àjàgbé wà láàárín ọgbà, ó dojú dé, wọ́n sá ata sí ìdí rẹ̀. Awọ àgbò kan wà lórí okùn. Àgbò mẹ́sàn-án wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wo awọ náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn pálọ̀, bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí nìyẹn lábẹ́ fáànù, pẹ̀lú ìrọ̀rí tí wọ́n kọ "Afárá" sí lára.

"Ẹ̀yin náà ń rọbí ni, sà?" ni Fọlákẹ́ béèrè.

"Màdáàmù, mo lè ṣàlàyé," ni Ọláyíwọlá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Mojí wí, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ ní wọn ò ní ìwọ̀ ẹja kan. Ṣé ẹni tí kò ní ìwọ̀ ló fi ọkọ̀ odindi ta yín lọ́rẹ?"

Ẹ bá a rò ó wò. Bó bá ní wọ́n ta òun lọ́rẹ ni, irọ́ ló pa ní Ìdí-Àgbọn. Bó bá ní òun fi wọ́n pa mọ́ ni, a jẹ́ pé ó fẹ́ tan ará Ìkòyí jẹ, irọ́ ló sì pa fún ìyàwó rẹ̀. Bó bá sì ní kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́, olè ni. Ó wo Wàsíù pé kó pàtẹ́wọ́. Wàsíù ń bọ́ àgbò.

"Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí," ló bẹ̀rẹ̀, ó na apá agbádá, "láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn..."

Àgbò kan dé, ó ki ẹnu bọ apá agbádá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Mojí ti ń fọwọ́ kan ara ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wo bí pákó ṣe wọ ara wọn, ó béèrè lọ́wọ́ Baba Àjàgbé pé irú igi wo ni. Ohun tó wá wò láti Ìkòyí ló ń wò yẹn, àwọn ata sì ń wò ó.

Ẹ́ńjìnnì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́tà mìíràn dé pẹ̀lú, ti ìjọba ìbílẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo, orúkọ Ọláyíwọlá sì wà nínú rẹ̀ níbi mẹ́fà, ó kà á tán. Wọ́n gbà á kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó lọ máa bójú tó àwọn tó ń gbálẹ̀ ní Alábà Ràgó, láàárín àgbò. Wàsíù ló jókòó sílé iṣẹ́ dìgbà tí wọ́n máa rí ẹlòmíràn. Bí ẹgbẹ́ kan bá dé, á júwe ilé olùrànlọ́wọ́ fún wọn, wọ́n á sì lọ. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Afárá onípákó náà ni Wàsíù fún Ẹgbẹ́ Abiyamọ. Wọ́n tẹ́ ẹ láti etí ilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ gùn ún, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó di ọwọ́ ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, ó ń bú ọkọ rẹ̀. Kí ó tó bú u tán, wọ́n ti gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Obìnrin ló bí. Àbíkẹ́ gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kó.

Nígbà tí òjò dé, Ọláyíwọlá wá sí Ìdí-Àgbọn, ìgbẹ́ àgbò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ó mú ìwé kan dání. Ó fẹ́ kí Àbíkẹ́ buwọ́ lù ú pé ọrẹ ni àgbò yẹn, bóyá wọ́n á dá òun padà sípò.

"Mo lè buwọ́ lù ú pé ó dùn," ni Àbíkẹ́ wí. "Ìyàwó yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù, mi ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Omi ti bo ọ̀nà ẹsẹ̀ kó tó yíjú padà. Ọkọ̀ nìkan ló lè gbé e lọ. Ó dé ẹsẹ̀ afárá aláwọ̀ ewé, ó dúró. Baba Àjàgbé wà nídìí ẹ́ńjìnnì, kò ṣáná sí i.

"Ọmọ," ni Baba wí, "wọ́n ní nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń ké kí wọ́n tó gùn ún?"

Ọláyíwọlá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òjò ń rọ̀. "Afárá," ló wí, "ẹ gbé mi kọjá."

"Ohùn yẹn kéré o."

Ó tún un ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ dé òdìkejì ọ̀sà.

"Ẹ máa bọ̀, sà," ni Àbíkẹ́ wí, ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Omi wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí."